Lẹ́tà Méjì Inú Ẹ̀jẹ̀: Bí Ayé Ṣe Mọ Ibi Tí SS Ti Ń Wá

Ìtàn tòní, inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, ó sì kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Nígbà tí mo wọ yunifásítì, wọ́n ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tuntun lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Láàbù kan fa ẹ̀jẹ̀ mi, lọ́jọ́ kejì wọ́n fún mi ní káàdì kékeré kan: O+, jẹ́nótáìpù AA. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi káàdì yẹn yangàn. Bí àwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ àwàdà jẹ́nótáìpù lórí Twitter, èmi náà á yọjú, máa ní èmi lè fẹ́ ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí èmi àti ọmọbìnrin kan wá ń múra ìgbéyàwó, ìjọ rẹ̀ ní kí àwa méjèèjì tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò, níbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èsì kan náà ni ibi méjèèjì gbé jáde. Òun, AS. Èmi, AS.

Mo pe ìyá mi. Mo rò pé wọ́n máa sọ pé àwọn láàbù yẹn ló ṣe àṣìṣe. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ìyá àgbà bí méje o. Mẹ́rin ló dúró."

Ìyá tó bí bàbá mi nìyẹn. Mo mọ̀ wọ́n, mo jẹ ẹ̀kọ wọn, mo sùn lórí ẹní wọn, ẹnì kan kò sọ fún mi rí pé mẹ́ta kú. Àwọn mẹ́ta yẹn, ìrora eegun ni wọ́n máa ń sunkún rẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn á wú, ojú wọn á pọ́n bí àtàrí iná fìtílà, wọ́n á dá ara wọn dúró díẹ̀, wọ́n á tún wó. Ìkẹta tó kú, wọ́n kọ ọ́ nílà léjìká kí wọ́n tó sin ín, kí wọ́n lè dá a mọ̀ bó bá padà wá. Nígbà tí wọ́n bí bàbá mi, èjìká rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ wò.

Dúrósinmí ni wọ́n sọ ọ́. Láti kékeré ni mo ti ń kọ orúkọ yẹn sí orí fọ́ọ̀mù, sí ibi tí wọ́n bá ti ní kí n kọ orúkọ bàbá. N kò bi ara mi léèrè rí pé ta ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró.

Ẹ mọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Málọmọ́. Kòkúmọ́. Bánjókòó. Kòsọ́kọ́, ìyẹn ni pé kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ mọ́. Àbíkú ni àwọn àgbà ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀: ọmọ kan náà tó ń wá, tó ń lọ, tó tún ń padà. Mo fẹ́ ṣọ́ra níbí o. Kì í ṣe gbogbo àbíkú ló jẹ́ SS. Ibà, ìgbóná, ìgbẹ́ gbuuru, gbogbo wọn ló ń pa ọmọ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn àgbà rí. Wọ́n rí i pé ikú yìí máa ń dúró sínú ilé kan, kó má dé ilé kejì. Wọ́n rí i pé bàbá àti ìyá le koko. Wọ́n rí i pé ọmọ kan á kú, èyí tó tẹ̀ lé e á yè, èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn á kú. Ohun tí ojú wọn rí, òótọ́ ni. Ohun tó fà á ni kò sí ẹni tó mọ̀, kì í sì í ṣe nílẹ̀ Yorùbá nìkan. Gbogbo ayé ni kò mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ìdáhùn náà kò tilẹ̀ wo èèyàn rárá. Ẹ̀wà ló wò.

Gregor Mendel jẹ́ mọ́ńkì Kátólíìkì ní ìlú Brno, tó wà ní orílẹ̀-èdè Czech lónìí. Láàárín ọdún 1856 sí 1863, ó ń gbin ẹ̀wà kan báyìí, èyí tí ẹ máa ń rí nínú fried rice ibi ìnáwó, green peas yẹn gan-an. Kóró àwọn kan máa ń rí roboto, tàwọn kan á hunjọ. Mendel mú ìran tó rí roboto, ó fi gba ìran tó hunjọ. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí, roboto ni. Híhunjọ ti pòórá. Ó wá jẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn náà so, ó jókòó, ó ka kóró wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: 5,474 rí roboto, 1,850 hunjọ. Ẹ pín in wò lórí kalikulétọ̀ fóònù yín. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mẹ́ta sí ọ̀kan géérégé.

Níbo ni híhunjọ yẹn sá pamọ́ sí fún ìran kan gbáko? Ohun tí Mendel sọ ni pé, fún ìwà kọ̀ọ̀kan, nǹkan méjì ni ohun ọ̀gbìn kọ̀ọ̀kan gbé sínú, ọ̀kan láti ara ìyá, ọ̀kan láti ara bàbá. Bó bá di pé kó bímọ, ọ̀kan péré nínú méjì yẹn ló máa fún ọmọ. Èyí tí kò hàn kò kú, ó kàn wà níbẹ̀ ni. Ó tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1866, ayé kò sì kà á sí. Ó kú ní 1884 láìmọ̀ pé ẹnì kan máa rántí òun. Ọdún 1900 ni àwọn onímọ̀ mẹ́ta, ẹnì kọ̀ọ̀kan láyè tirẹ̀, tún bá iṣẹ́ náà pàdé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ní 1902, William Bateson àti Edith Saunders ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ọ̀rọ̀ gígùn kan sílẹ̀ tí wọ́n gé kúrú di alíìlì nígbẹ̀yìn. Ní 1909, ọmọ ilẹ̀ Denmark kan, Wilhelm Johannsen, dá ọ̀rọ̀ jíìnì àti jẹ́nótáìpù sílẹ̀. Ẹ wò ó: ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin kan fi ṣàlàyé ẹ̀wà òun ni àwọn ọ̀dọ́ Èkó àti Ìbàdàn fi ń bi ara wọn léèrè lónìí kí wọ́n tó gba nọ́ńbà fóònù.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà dáadáa, torí ọ̀pọ̀ wa mọ lẹ́tà wa láìmọ ohun tí lẹ́tà ọ̀hún jẹ́. Ẹ mú fóònù yín dání. Síìmù méjì ló wà nínú tọ̀pọ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ ni ara èèyàn rí: fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú jíìnì, ààyè méjì, ẹ̀dà méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Jíìnì ni ìlànà tí ara ń tẹ̀ lé láti ṣe nǹkan kan. Alíìlì ni irú ẹ̀dà ìlànà yẹn tó bọ́ sí ọ lọ́wọ́, torí ẹ̀dà kan lè yàtọ̀ sí èkejì díẹ̀. Jíìnì tí à ń sọ yìí ni èyí tí ara fi ń ṣe hemoglóbíìnì, ohun tó mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa, tó sì ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn káàkiri ara. A ni ẹ̀dà tó wọ́pọ̀ jù. S ni ẹ̀dà kan tó yí padà díẹ̀. Nígbà tí o bá fẹ́ bímọ, o kò lè fún ọmọ ní síìmù méjèèjì. Ọ̀kan lo máa yọ fún un, o ó sì dijú yọ ọ́ ni.

Àfiwé síìmù yìí ní ibi tó ti kùnà o. Àwọn kan rò pé lára ẹni tó jẹ́ AS, A ń ṣiṣẹ́, S sùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò lónìí, ẹ ó rí hemoglóbíìnì A àti hemoglóbíìnì S nínú sẹ́ẹ̀lì kan náà, A ló kàn pọ̀ jù díẹ̀. A tó wà níbẹ̀ ló ń jẹ́ kí n máa gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé láìmọ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí ẹ̀wà, ká padà sọ́dọ̀ èèyàn. Ní ìparí ọdún 1904, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni 20 ọdún kan wọ ilé ìwòsàn ní Chicago. Walter Clement Noel ni orúkọ rẹ̀, ọmọ erékùṣù Grenada, àrọ́mọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà. Iṣẹ́ dókítà eyín ló wá kọ́. Dókítà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, Ernest Irons, gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ maikirosíkóòpù. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ máa ń rí roboto bí àgbálùmọ̀ tí wọ́n tẹ̀ láàárín. Ti Noel, púpọ̀ nínú wọn gùn, ó sì tẹ̀ kọdọrọ bí dòjé. Ọ̀gá Irons, James Herrick, kọ ọ́ jáde ní 1910, kò sì dárúkọ Noel síbẹ̀. Noel parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó padà sí Grenada, ó ń tọ́jú eyín àwọn èèyàn títí ó fi kú ní 1916. Ẹni 32 ọdún ni. Èmi máa ń fẹ́ kí á dá orúkọ ọkùnrin yẹn, torí ìwé gbogbo ló ń sọ ti Herrick.

Àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà wá ń wo àwọn aláìsàn. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń rìn nínú ìdílé, ṣùgbọ́n èrò wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún ni pé ẹyọ kan ló ń fa gbogbo rẹ̀, pé ó kàn ń le lára ẹnì kan ju ẹlòmíràn lọ. Ibi tí wọ́n ti ṣìnà ni pé ẹni tó ń ṣàìsàn ni wọ́n ń tẹjú mọ́. Ìdáhùn wà lára àwọn tí kò ṣàìsàn, àwọn tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

Ọdún 1949 ni ilẹ̀kùn ṣí. James Neel ní Michigan yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn òbí tí ọmọ wọn ní fòníkú-fọ̀ladìde wò. Gbogbo òbí tó yẹ̀ wò, ara wọn le, ṣùgbọ́n bí ó bá mú ọ́síjìn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, sẹ́ẹ̀lì wọn á tẹ̀ bí dòjé. Àwọn méjèèjì o, bàbá àti ìyá. Ọdún yẹn kan náà ni dókítà kan, E. A. Beet, tó ń ṣiṣẹ́ ní Rhodesia ní gúúsù Áfíríkà, dé orí ọ̀rọ̀ kan náà láìgbára lé Neel. Ẹyọ S kan, ara le. S méjì, àìsàn dé. Híhunjọ inú ẹ̀wà Mendel náà ni, àfi pé èèyàn ni ibí yìí.

Ọdún 1949 yẹn kan náà, ní California, Linus Pauling àti Harvey Itano pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi iná mànàmáná sínú omi tí hemoglóbíìnì wà. Ti AA rìn lọ sí ibì kan, ti SS rìn lọ sí ibòmíràn, ti AS pín sí méjì. Ẹ rí i pé ó hàn sójú: lẹ́tà méjì, ọ̀nà méjì. Ìdánwò tí láàbù tó mọṣẹ́ ṣì ń ṣe fún wa nílé nìyẹn lónìí, wọ́n kàn ti tún un ṣe. Itano yìí, àrọ́mọdọ́mọ Japan ni, ọmọ Amẹ́ríkà. Òun ló gba ipò kìíní ní yunifásítì rẹ̀ ní 1942, ṣùgbọ́n kò sí níbi ayẹyẹ, torí ogun ń lọ lọ́wọ́, ìjọba Amẹ́ríkà ti kó òun àti ẹbí rẹ̀ lọ sí àgọ́ ìhámọ́ nítorí ìran wọn.

Kí wá ni S yàtọ̀ sí A gan-an? Vernon Ingram ló rí i ní Cambridge ní 1956 sí 1957. Ẹ fojú inú wo ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín: 146 ìlẹ̀kẹ̀ lórí òwú kan. Ìyẹn ni apá hemoglóbíìnì tí jíìnì yìí ń ṣe. Lára S, ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà nìkan ló yàtọ̀. Àwọn 145 tó kù, bákan náà ni wọ́n rí. Ṣùgbọ́n nítorí ìlẹ̀kẹ̀ kan yẹn, nígbà tí ọ́síjìn bá ti kúrò, àwọn hemoglóbíìnì á máa lẹ̀ mọ́ ara wọn, wọ́n á di ọ̀pá gígùn, ọ̀pá á fa sẹ́ẹ̀lì tẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á há sínú òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè kọjá, eegun á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ìrora tí àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń sunkún rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú nìyẹn. Ìlẹ̀kẹ̀ kan.

Ohun kan wà tí àwa Yorùbá gbọ́dọ̀ gbọ́ dáadáa níbí, torí ó kàn wá ju àwọn ará ìlà-oòrùn Nàìjíríà lọ. Lẹ́tà kẹta wà. C ni. Àwọn ará Burkina Faso àti àríwá Ghana ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn jù, ó wà láàárín wa náà, bí ẹ bá sì kọjá odò Ọya sí apá ìlà-oòrùn, ó máa ń ṣọ̀wọ́n. Ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà yẹn náà ló yí padà lára C, àfi pé nǹkan mìíràn ló rọ́pò rẹ̀. AC kò ní àìsàn. Ṣùgbọ́n bí AC bá fẹ́ AS, ọmọ kan lè gba C níbí, kó gba S lọ́hùn-ún, SC sì jẹ́ fòníkú-fọ̀ladìde pẹ̀lú. Ìdánwò olówó pọ́ọ́kú kan wà tó kàn ń wò ó bóyá S wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Bí kò bá rí S, ẹni tó ń kọ káàdì á kọ AA. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó jẹ́ AC ṣe ń gba káàdì AA lọ sílé. Ti èmi kò rí bẹ́ẹ̀, torí S wà lára mi. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n fi orúkọ mi sí, tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ yẹ nǹkan kan wò. N kò ní dárúkọ láàbù ọ̀hún. Mo kàn ń sọ fún yín pé kí ẹ lọ síbi méjì.

Ó wá ku ọ̀kan nínú mẹ́rin. AS àti AS, ọ̀nà mẹ́rin ni síìmù lè gbà bọ́ sọ́wọ́ ọmọ: A àti A, A àti S, S àti A, S àti S. Mo ti gbọ́ tí àwọn tọkọtaya ń sọ pé, "A ti bí SS kan, tiwa ti tán, mẹ́ta tó kù á yè." Mo ti gbọ́ òdìkejì rẹ̀ náà: "A ti bí mẹ́ta tí kò ní i, Ọlọ́run ti gba tiwa." Bí ẹ bá ṣì rí kọ́ìnì nílé yín, ẹ mú méjì, ẹ jù wọ́n sókè. Kọ́ìnì kò rántí ohun tó bọ́ lẹ́ẹ̀kan. Oyún kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni, látìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé ẹ kò bímọ rí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ mú 100 ìdílé tí bàbá àti ìyá wọn jẹ́ AS, tí wọ́n bí ọmọ mẹ́rin mẹ́rin. Nǹkan bí 32 nínú wọn kò ní rí SS kankan. Wọ́n á tọ́ ọmọ mẹ́rin dàgbà láìmọ ohun tí wọ́n gbé sínú. Nǹkan bíi márùn-ún máa bí SS mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ̀jẹ̀ àwọn 32 àti àwọn márùn-ún yẹn kò yàtọ̀ síra wọn rárá. Kọ́ìnì ló bọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá fi ojú aládùúgbò wò ó nígbà ayé ìyá àgbà. Ilé kan ń ṣe ìsọmọlórúkọ, ilé kejì ń gbẹ́ ilẹ̀. Ta ló máa sọ pé ọ̀rọ̀ kọ́ìnì ni? Ẹ ó sọ pé ẹnì kan ń ṣe wọ́n ni. Ẹ ó wá ẹni tó ń ṣe wọ́n kiri láàárín àwọn orogún, tàbí kí ẹ sọ pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ̀sùn kan ìyá ọkọ ìyá àgbà, tí àwọn méjèèjì kò fi sọ̀rọ̀ sí ara wọn títí ọ̀kan fi kú. Ohun tí èyí ń ṣe mí nínú ju ikú àwọn ọmọ lọ nígbà míì.

Ìbéèrè tó wá kù ni pé, bí SS bá ń pa ọmọ kó tó dàgbà, kí ló dé tí S kò tíì tán láyé? Gbogbo ọmọ SS tó bá kú ń gbé S méjì lọ sínú ilẹ̀. Ó yẹ kó ti pòórá tipẹ́.

Anthony Allison, tó dàgbà ní Kenya, ló rí i. Ní 1949 ó yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn wò káàkiri Kenya. Létí òkun àti lẹ́bàá adágún Victoria, S pọ̀ gan-an. Lórí òkè níbi tí òtútù wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Kí ló wà létí omi tí kò sí lórí òkè? Ẹ̀fọn. Ní 1954 ó tẹ ẹ̀rí rẹ̀ jáde pé àwọn ọmọ AS, kòkòrò ibà kì í pọ̀ lára wọn bíi ti AA. Ó tún ṣe ohun kan tí kò sí ìgbìmọ̀ tó máa gbà á láyè lónìí: ó fi ibà sára àwọn ọkùnrin Luo 30 tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn. Nínú 15 tí kò ní S, 14 ló ní kòkòrò ibà lára. Nínú 15 tó jẹ́ AS, méjì péré ni. Èsì náà lágbára. Èmi kò ní fẹ́ wà láàárín 15 àkọ́kọ́ yẹn.

Báwo ni S ṣe ń ṣe é? Apá kan ìdáhùn yẹn wá láti Ìbàdàn níbí. Lucio Luzzatto, ọmọ Ítálì tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, fi hàn ní 1970 pé lára AS, sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò ibà bá wọ̀ ló máa ń yára tẹ̀ bí dòjé ju àwọn tó kù lọ. Ara á rí i pé sẹ́ẹ̀lì yìí kò dára mọ́, á gbá a dànù, kòkòrò inú rẹ̀ á bá a lọ.

Frank Livingstone, onímọ̀ nípa ìran èèyàn, ti mú ọ̀rọ̀ náà dé oko ní 1958. Ó ní nígbà tí àwọn baba ńlá wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán igbó láti gbin iṣu, oòrùn dé ilẹ̀, omi dúró sójú ibi tó mọ́lẹ̀, ẹ̀fọn rí ilé, èèyàn sì ń gbé pọ̀ lójú kan. Ibà wá di apani ńlá. Níbi tí ibà bá ti ń pa ọmọ AA, ọmọ AS ló ń ṣẹ́kù láti di òbí. S ń gba ẹ̀yìnkùlé pọ̀ sí i. Ní 2018, Daniel Shriner àti Charles Rotimi ka àmì tó wà láyìíká jíìnì yìí lára ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé ara ẹnì kan ṣoṣo ni S ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí 7,300 ọdún sẹ́yìn. Ọmọ Nàìjíríà ni Charles Rotimi. Ẹ wo orúkọ yẹn náà. Rótìmí wà lára orúkọ tí àwọn ìyá máa ń sọ ọmọ tí wọn kò fẹ́ kó lọ.

Nítorí náà, nígbà tí mo ní kí bàbá mi jọ̀ọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, tí èsì AS jáde lẹ́ni ọdún 67, n kò mọ ohun tí ǹ bá sọ. Ó lè jẹ́ pé S tó pa àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dáàbò bò ó lọ́wọ́ ibà ní Ìjẹ̀bú nígbà tó wà lọ́mọdé. Wọ́n wo bébà náà fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní, "Ìyẹn ni pé kì í ṣe ìyá ọkọ." Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀n, Dádì. Kì í ṣe ìyá ọkọ."

Ẹ̀yin kan á béèrè nípa ìwòsàn tuntun. Òótọ́ ni, ó ti dé. Ní ìparí 2023, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Casgevy, ìtọ́jú tí wọ́n fi ń tún jíìnì inú mùdùnmúdùn eegun aláìsàn ṣe. Kò yí ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà padà o. Ó kàn ń jí hemoglóbíìnì tí ọmọ inú oyún ń lò, tó ti sùn láti kékeré, pé kó dìde wá ṣiṣẹ́. Iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là. Ohun kan tí àwọn tó ń pín ìròyìn rẹ̀ kiri lórí WhatsApp kì í sọ ni pé ẹyin àti àtọ̀ kò sí lára ohun tí wọ́n tún ṣe. Ẹni tó jẹ́ SS, tí ìrora rẹ̀ ti lọ, S náà ló ṣì máa fún gbogbo ọmọ rẹ̀.

Èmi àti ọmọbìnrin yẹn, a kò fẹ́ ara wa mọ́. Oṣù mẹ́rin la fi jiyàn lé e. A lọ bá agbaninímọ̀ràn, a ka gbogbo ohun tó wà lórí Google, a ṣírò rẹ̀ lóríṣiríṣi, mẹ́ta nínú mẹ́rin dùn gbọ́, ọ̀kan nínú mẹ́rin kò ṣeé gbọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ ní kí á dáwọ́ dúró. Mo mọ àwọn AS méjì tí wọ́n fẹ́ ara wọn, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń sun ilé ìwòsàn, n kò sì lè dá wọn lẹ́jọ́. Ohun tó ń dùn mí jù ni ọdún méjì tí a fi fẹ́ra wa sọ́nà lórí káàdì tí kò tọ̀nà.

Ó fẹ́ ẹlòmíràn, ọkùnrin AA. A ṣì ń kí ara wa. Lọ́dún tó kọjá ó bí ọmọ kejì, ó sì fi èsì ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, pẹ̀lú ojú ẹ̀rín kan: AS. Kò sí ewu kankan fún ọmọ náà. S tirẹ̀ ti tún rí ilé tuntun gbà, ìyẹn ni gbogbo rẹ̀.

Mo fi han ìyá mi. Wọ́n sún gíláàsì ojú wọn sókè, wọ́n kà á, wọ́n bi mí pé kí ni wọ́n sọ ọmọ náà. Mo ní, ohunkóhun tí wọn ì báà sọ ọ́, kì í ṣe Dúrósinmí o. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.